Ta Ló Fa Orí Fèrèsé?

Mo ba fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ ní Ìnísà, n kò sì fọwọ́ kan bíríkì kankan. Pẹ́ńsùlù ni mo fi bà á jẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni mo máa ń yà, láti Ìkìrun dé Òkukù, lójú ọ̀nà rélùwéè tó dé Òṣogbo ní 1907 kó tó kọjá lọ sí Ọ̀fà. HB ni mo fi ń fa ìlà, torí ó le díẹ̀. 6B tó rọ̀ ni mo fi ń kun òjìji. Màá na ọwọ́ tantan, màá di ojú kan, màá fi àtàǹpàkò wọn gíga ògiri lára pẹ́ńsùlù. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé orí mi ti dàrú.

Ìjọ Ìnísà fẹ́ wó ilé àtijọ́ wọn, wọ́n ní kí n yà á sílẹ̀ fún ìrántí. Mo ya òrùlé, mo ya ilé agogo. Ó ku fèrèsé ni òjò dé. Mo kó bébà mi, mo lọ parí rẹ̀ nílé, látinú orí.

Kí ló wà nínú orí mi? Kàtídírà Marina l'Ékòó ni, èyí tí Bagan Benjamin ya pílánù rẹ̀, tí wọ́n kọ́ parí ní 1946. Mo ti ya fèrèsé ibẹ̀ tó ṣóńṣó lórí títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n láìwò. Ti Ìnísà ńkọ́? Orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè.

Nígbà tí mo gbé àwòrán náà dé, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbà kan nìkan ló sún mọ́ ọn.

“Ọmọ mi, ta ló fa orí fèrèsé wa gùn báyìí? Bàbá tó bí mi ló gé pákó tí wọ́n to bíríkì rẹ̀ lé.”

Mo ní, “Bàbá, bóyá ojú ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń tì mí lójú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ilé náà tún fi wà ní ìdúró. Ṣe ni mo gba iṣẹ́ mìíràn lọ sí Òkukù.

Nígbà tí mo padà dé Ìnísà, ògiri tuntun ti ga dé èjìká. Bíríkìlà tẹ́ ẹ̀dà àwòrán mi sórí búlọ́ọ̀kù, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Fèrèsé méje ló wà nínú àwòrán náà, gbogbo wọn ló ń ṣóńṣó lọ sókè. Bàbá yẹn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

Ó ní, “Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o.”