Láti Ọ̀rẹ̀ dé Ìdí Dùùrù Kan ní Ọ̀nà Oǹdó

Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Èkó tó ń lọ sí Benin, Ọ̀rẹ̀ ni èrò ti máa ń sọ̀ jẹun. Ọbẹ̀ ń hó, awakọ̀ ń fọn fèrè, àwọn ọlọ́jà ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì sáré tẹ̀lé mọ́tò; kò pẹ́, oníkálukú a tún bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ṣì ń rántí ìjà oṣù Kẹjọ ọdún 1967 níbẹ̀, nígbà ogun abẹ́lé, èyí tó sọ “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀” di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo wa. Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi ò bá ọkọ̀ lọ sí Benin. Bàbá àgbà kan ni mo wá kí, tó ti ń tẹ dùùrù fún ìjọ Áńgílíkà kan ní agbègbè Odígbó láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Mo wọ takisí ní ọ̀nà Oǹdó. Oko kòkó àti igi ọ̀pẹ wà lọ́tùn-ún lósì, àwọn ajágbé tó ru gẹdú sì ń bọ̀ níwájú wa. Inú igbó agbègbè yìí ni àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run máa ń gbà láyé àtijọ́, láti ọ̀sà gòkè lọ sí Oǹdó. Ní nǹkan bí ọdún 1872 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lábẹ́ John Glover ṣí ọ̀nà ìhà yìí, kí òwò lè dé òkè láìgba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kọjá. Ní 1877, ọ̀kan nínú àwọn òjíṣẹ́ náà, Àlùfáà Charles Phillips, dé Oǹdó. Ọdún náà ni ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Ní 1886, Phillips ni ìjọba Èkó rán sí ibùdó Èkìtì Parapọ̀, wọ́n rán Àlùfáà Samuel Johnson sí ti Ìbàdàn, títí àwọn jagunjagun fi fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Wọ́n fi Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Iṣẹ́ Oǹdó náà ló sì ń ṣe títí ikú fi dé ní 1906.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹgbẹ́ akọrin ti ń gbáradì fún Ìkórè.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa.”

“O káre, ọmọ mi. Wá ibi jókòó, a ò tíì ṣetán.”

Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ni, èyí tí a máa ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Awọ inú rẹ̀ ti ya lọ́pọ̀ ìgbà, owó kòkó ni bàbá sì fi ń tún un ṣe. Kò gba owó oṣù rí. Owó kíláàsì tí òun náà ń san fún ìjọ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sólífà ló fi ń kọ́ àwọn akọrin, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó. Bí tẹ́nọ̀ bá ṣi ohùn, kì í bínú. Á dá wọn dúró, á kọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, á ní kí wọ́n tún un mú.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Èkó.

Ó ní, “N kò ní parọ́ fún ọ. Oko ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ìgbà tó yá, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ni kò jẹ́ kí n lè lọ mọ́.”

Ìdáhùn yẹn ló mú mi rántí ilé Bíṣọ́ọ̀bù Phillips. Ọmọ bíṣọ́ọ̀bù náà, Thomas King Ekundayo Phillips, lọ kọ́ orin ní London, ó sì di alùdùùrù Kàtídírà Kristi ní Èkó ní 1914. Ó di 1962 kó tó gbé e sílẹ̀: ọdún 48 gbáko. Nínú ìwé tó ṣe jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ó fi hàn bí ohùn orin ṣe yẹ kó bá ohùn ọ̀rọ̀ wa rìn. Gbajúmọ̀ olórin, Fela Sowande, kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní kékeré. Nígbà tí Phillips fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀, Charles Obayomi, ló bọ́ sípò.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá tẹ orin àkọ́kọ́, ó dìde, ọmọbìnrin kan tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama sì jókòó sídìí dùùrù. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọ gbé orin, ó balẹ̀. Bàbá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń ṣí ìwé orin fún un.

Mo ti inú ìsìn yẹn lọ sí Oǹdó, èrò ọkàn mi sì ti dá mi lójú. A mọ bí a ṣe ń yin àwọn àgbà ìjọ nígbà tí pósí wọn bá ti wà níwájú pẹpẹ. Ó tọ́ kí a yìn wọ́n, ṣùgbọ́n oore tí irú bàbá yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ wa kò le: kí ìjọ ra dùùrù tó dára, kí ó san owó ẹ̀kọ́ orin fún ọmọ kan tàbí méjì, kí akọ̀wé sì kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí a bá ṣe èyí lójú ayé wọn, a ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tán.