Ohun Tí Ìka Bàbá Mi Rí

Ogún ọdún ni bàbá mi fi wa ọkọ̀ fún ọ̀gá wọn ní Marina. Láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́, inú yàrá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi etí mọ irú ọkọ̀ tí ń kọjá.

Mo pinnu láti fi páálí àti igi kan Ford Model T kékeré fún wọn, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ọdún 1908 sí 1927. Ìdá kan nínú 24 ni mo dín in kù sí. Gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ. Igi ìtayín 48 ni mo gé fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 12 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ku ohun mẹ́ta tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó ti rẹ̀ mí. Ta ni yóò wo ibẹ̀? Síbẹ̀, mo gé wọn, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn.

Bàbá gbà á. Ìka wọn wọ inú ọkọ̀ náà lọ.

“Kílọ́ọ̀ṣì, bírékì, tọ́tù,” ni wọ́n wí.

“Rárá, Bàbá. Ti ọ̀tún ni bírékì. Ti àárín ni ó ń gbé ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún un ní tọ́tù, lábẹ́ ìdarí.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Èmi ì bá ti gbé ọ̀gá mi já sínú ọ̀sà!”

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Díẹ̀ ló kù kí n fi ọ̀lẹ pàdánù rẹ̀.