Bọ́ọ̀lù Kánádà àti ti Amẹ́ríkà: èwo ni tiwa?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́! Kí a tó dé Montréal, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan la mọ̀. Níbí, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré ni wọ́n ń pè ní "football". Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ti Kánádà kàn ń fara wé ti Amẹ́ríkà ni. A ò gbà.

Lóòótọ́, Amẹ́ríkà ló ni owó àti òkìkí: ẹgbẹ́ 32 ló wà ní NFL, 9 péré ló wà ní CFL ti Kánádà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ará Amẹ́ríkà lè gbìyànjú kí bọ́ọ̀lù tó rin yáàdì 10. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ti Kánádà. Kò sáyè ìfàfalẹ̀, jíjù ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sọ́nà jíjìn. Nínú àṣekágbá Grey Cup 2023, Winnipeg ti ń fi 24 sí 21 na Montréal. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 13, Fajardo ju bọ́ọ̀lù, Philpot gbà á: 28 sí 24! Ohùn wa há lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, wọ́n ti kéde pé ní 2027, pápá wọn tó gùn ní yáàdì 110 yóò di 100, bíi ti Amẹ́ríkà. Ó dùn wá. Àwa tí wọ́n ti ń sọ fún pé Yorùbá wa kì í ṣe ojúlówó torí pé a kì í ṣe ará Nàìjíríà, a mọ bó ṣe ń rí lára. Ẹni tó kéré kọ́ ni àfarawé.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?