Tìrẹ Ńkọ́?

Ìwé àròkọ kan wà nínú àpótí mi tí ikán ti jẹ létí. Wọ́n fi bírò pupa kọ 9 nínú 25 sí òkè rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ méjì tó kẹ́yìn nìkan ni Yorùbá: Tìrẹ ńkọ́?

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978 ni mo wọ Lower Six ní ilé ìwé kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn tí irun wọn ti funfun bíi tèmi kò nílò kí n ṣàlàyé HSC fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn Form Five, ọdún méjì mìíràn la fi ń múra sílẹ̀ fún yunifásítì, ìwọ̀nba ilé ìwé ló sì ní in. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ ṣe ní School Cert, mẹ́ta péré ni yóò mú dání: tèmi ni Lítíréṣọ̀, Ìtàn àti Ètò Ọrọ̀-Ajé. WAEC ló ń ṣe ìdánwò rẹ̀ nígbà tiwa. Ẹni tó bá gba A títí dé E ti yege. Ẹni tó bá gba O, wọ́n kàn fi tù ú nínú ni.

Ohun tó wà nídìí ètò náà ni pé kí ọmọ gbẹ́ kànga kan kó jìn, dípò kó máa fi ọkọ́ ha ilẹ̀ káàkiri. Wọn kì í da nótì fún wa. Tíṣà á dárúkọ ìwé, á ní láti ojú ewé báyìí dé báyìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀dà méjì péré ni ìwé ọ̀hún máa ń jẹ́ ní láíbìrì, àwa 14 la sì fẹ́ kà á. Òru la ń pín mọ́ ara wa lọ́wọ́: ẹnì kan á kà á láti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, ẹlòmíràn á gbà á láti mọ́kànlá sí ọ̀kan, lábẹ́ àtùpà oníkẹrosíìnì, nítorí wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ tó kàn mí láago kan òru ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè máa ka ìwé kí inú sì máa bí i sí ẹni tó kọ ọ́. Pẹ́rọ́ọ̀dù tí kò sí tíṣà náà pọ̀ lọ́sàn-án, "free" la ń pè é. Ká má purọ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ la fi sùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ mẹ́ta yẹn ló gbé bírò dé ọwọ́ mi lónìí. General Paper ni. Gbogbo ọmọ HSC ló ń ṣe é, ti sáyẹ́ǹsì ni o, ti áàtì ni o. Kò ní ìwé kan pàtó tí a ń kà fún un. Wọ́n kàn ń bi èèyàn ní ìbéèrè nípa ayé ni, pé kó wí tẹnu rẹ̀: ṣé ó yẹ kí ológun máa ṣèjọba? Ṣé ẹ̀rọ ti mú ayé rọrùn lóòótọ́? Mo bi yín, ta ló bi ọmọ ọdún 17 ní irú ìyẹn rí? Nílé bàbá mi, bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọmọdé ni kó lọ bu omi wá.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ Raleigh ló ń kọ́ wa. Ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì yóò san owó ìtanràn, kọ́bọ̀ márùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rú òfin náà lójoojúmọ́. Bí o bá ti ń sọ ohun tí ìwé sọ, tàbí ohun tí o kà nínú Daily Times, á ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè síwájú orí, á ní, "Tìrẹ ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ ọ́ lórúkọ. "Tìrẹ Ńkọ́ ti ń bọ̀ o!" la fi ń jí ẹni tó bá sùn lọ.

Àròkọ tó wà nínú àpótí mi dá lórí owó orí ìyàwó, bóyá ó yẹ kí òfin fòpin sí i. Mo kọ ojú ewé mẹ́rin. Mo ní Bíbélì sọ báyìí, mo ní àwọn bàbá wa sọ báyìí, mo ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà, àwọn kan ò gbà. Mo rò pé mo ti ṣe é dé ojú àmì. Ó dá a padà fún mi pẹ̀lú 9, ó ní kí n lọ tún un kọ. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni n kò rí nǹkan kan kọ. Nígbà tó yá mo rántí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìdílé ọkọ rẹ̀ san owó orí, àwọn bàbá wa kà á, wọ́n sì dá a padà, pé àwọn kò ta ọmọ. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Owó tí wọ́n dá padà yẹn, ṣé n kò tó o ni, àbí mo jù ú lọ?" N kò rí èsì fún un. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀, mo kọ ìdí tí n kò fi rí èsì, kò tó ojú ewé méjì. Ó fún mi ní 15, kò sì kọ nǹkan kan sí i.

Ọdún 1978 tí mo ń wí yìí náà ni wọ́n dá JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, sílẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, tí ìjọba ti fọwọ́ sí ní 1977, wọ ilé ìwé girama ní 1982; nígbà tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ fi máa ṣe SSCE ní 1988, HSC ti ń kógbá sílé. Wọ́n yọ ọdún kan kúrò ní ilé ìwé girama, wọ́n fi kún ti yunifásítì, mẹ́ta di mẹ́rin. N kì í bá àwọn tó ń sunkún rẹ̀ sunkún púpọ̀, nítorí ọmọ perete ni HSC gbà. Àwọn tó kù, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń wò wá. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù ilé náà, kò sẹ́ni tó rántí General Paper.

Èmi náà kò rántí rẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni ní Ìtàn kí n tó fẹ̀yìntì, kíláàsì mi sì máa ń tó ọmọ 60. Nótì ni mo ń dà. A, B, C tàbí D ni JAMB ń bèèrè, kò bèèrè tìrẹ. Bí mo bá ní kí ọmọ 60 sọ tẹnu wọn, ìgbà wo la ó parí sílébọ́ọ̀sì? Ọjọ́ tí mo gbìyànjú, Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo pín bébà pélébé fún wọn, mo ní kí kálukú kọ ohun kan tí kò gbà nínú nótì mi. Bébà 57 ló padà wá láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ojú tì mí, nítorí èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2017 mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Maryland. Ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwé tí wọ́n ń pè ní prep school, ìyẹn ilé ìwé tó jẹ́ pé ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì ni wọ́n ń tọ́ níbẹ̀. Iye tí wọ́n ń san lọ́dún, n kò ní kọ ọ́ síbí, kí àyà ẹlòmíràn má baà já. Wọ́n ń ṣe Advanced Placement tí College Board bẹ̀rẹ̀ ní 1955: ẹ̀kọ́ yunifásítì tí ọmọ ilé ìwé girama ń ṣe, tí wọ́n ń fún un ní máàkì láti 1 dé 5. Mo ní, HSC rèé tó wọ kóòtù òtútù.

Tábìlì wọn ló yà mí lẹ́nu. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní kíláàsì, ó rí gbọọrọ bí ẹyin, ọmọ 12 jókòó yí i ká, tíṣà ṣe ìkẹtàlá wọn. Harkness ni wọ́n ń pè é. Edward Harkness, ọlọ́rọ̀ tí ìdílé rẹ̀ rí owó nídìí epo rọ̀bì Standard Oil, ló fún Phillips Exeter Academy ní New Hampshire ní mílíọ̀nù 5.8 dọ́là ní 1930. Láti 1781 ni ilé ìwé yẹn ti wà; kì í ṣe àga ni wọ́n ń wá. Ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ ni pé kí wọ́n wá ọgbọ́n tí ọmọ tó ń tijú, tí ìwé kò sì fi bẹ́ẹ̀ yé, yóò fi lè la ẹnu rẹ̀. Tábìlì ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe òbí wá wo kíláàsì, mo jókòó ní kọ̀rọ̀. Tíṣà náà kò sọ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Ó ti ya tábìlì náà sórí bébà, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ yí i ká, bí èyí bá sì sọ̀rọ̀ tí ìyẹn dá a lóhùn, á fa ìlà láti ọ̀dọ̀ èyí dé ọ̀dọ̀ ìyẹn. Nígbà tí aago lù, bébà náà ti dà bí ilé aláǹtakùn. Mo na ọrùn. Ìlà kan péré ló dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa.

Inú bí àbúrò mi nínú mọ́tò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, ọmọ tí mo fún ní ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n fẹ́ máa pè ní odi!" Ọmọ náà dáhùn láti ẹ̀yìn, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa dúró kí ẹlòmíràn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kì í parí ọ̀rọ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó yá àwọn kan lára láti sọ pé àṣà wa ló ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ìdajì rẹ̀ ni mo gbà. Nídìí àlọ́ àpamọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún ń bá àgbà dáhùn. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni àlọ́ ní, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń na ọmọ nítorí pé ó wá a gba ibòmíràn. Nínú kíláàsì bíi tèmi ni ọmọ ti ń kọ́ pé ọwọ́ tíṣà ni gbogbo ìdáhùn wà.

Ẹ̀yin òbí tó ń wá ilé ìwé tí yóò múra ọmọ yín sílẹ̀ fún yunifásítì, ní Ìbàdàn ni o, ní Lọ́ndọ̀nù ni o, mo bẹ̀ yín. Wọn yóò fi yàrá kọ̀ǹpútà hàn yín, wọn yóò sì fi bọ́ọ̀sì hàn yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ìṣẹ́jú 40. Ẹ mú bébà àti bírò dání. Nígbàkúùgbà tí ọmọ kan bá sọ ohun tí tíṣà kò tíì sọ, ẹ fa ìlà kan.