Ohùn Kì í Ṣe Ohun: Táàbù Mẹ́ta àti Àdírẹ́ẹ̀sì Wọn

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sá. Àmì ohùn ni yóò parí ẹjọ́ náà.

Mo ní àkójọ kékeré kan lórí ìtàkùn àgbáyé, níbi tí mo ń tọ́jú ẹ̀ka-èdè Àwórì tí àwọn àgbà Ọ̀tà ń sọ sí. Táàbù mẹ́ta ni ó wà lókè rẹ̀: Ọ̀rọ̀, Òwe àti Ohùn. Lábẹ́ Ohùn ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan wà, èyí tí mo gbà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo fi líǹkì ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Àsìkò ìsinmi ni ó ṣí i. Ojú-ewé Ọ̀rọ̀ ni ó bá. Ó tẹ bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn, ó sì bá ara rẹ̀ lóde pátápátá, nínú WhatsApp. Ní òwúrọ̀ ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti yọ ohùn ìyá mi kúrò ni?" N kò tètè rí èsì fọ̀. Ó dà bí ẹni tí ó sọ fún kọ́ńdọ́kítọ̀ pé Ojú-Òrè ni òun ń lọ, tí wọ́n já a sí abẹ́ bíríìjì Ṣàngó.

Àṣìṣe mi ni. Orí Ohùn ni mo wà nígbà tí mo da líǹkì náà kọ, ṣùgbọ́n táàbù wọ̀nyí kò ní àdírẹ́ẹ̀sì tiwọn. Bí a bá tẹ ọ̀kan, JavaScript kàn ń fi abala kan pamọ́ ni, tí ó ń fi òmíràn hàn. Browser kò rí ìyípadà kankan tí yóò kọ sínú ìtàn ìrìnàjò rẹ̀, nítorí náà ìpadàsẹ́yìn kò ní ibi tí yóò mú ènìyàn lọ ju ìta lọ.

Mo yí ètò náà po. Àdírẹ́ẹ̀sì ni yóò máa pinnu ohun tí a ó rí. Táàbù yóò máa tẹ̀lé e. Mo sọ wọ́n di líǹkì gidi: /ọ̀rọ̀, /òwe, /ohùn. Bí a bá tẹ ọ̀kan, ètò náà kò ní jẹ́ kí browser lọ gbé odindi ojú-ewé wá lọ́dọ̀ server (owó dátà ni, ẹ jọ̀ọ́). Yóò fi pushState kọ àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, yóò sì ṣí abala tí ó bá a mu. Bí a bá padà sẹ́yìn, popstate yóò ta á lólobó, yóò tún àdírẹ́ẹ̀sì kà. Server náà gbọ́dọ̀ fi ojú-ewé kan náà dáhùn fún ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 404 ni ẹni tí ó bá ṣí líǹkì tààrà yóò bá. Tim Berners-Lee ti kọ ọ́ ní 1998 pé àdírẹ́ẹ̀sì rere kì í yí padà. Àwọn awakọ̀ wa náà mọ̀ ọ́n: ibodè owó ti lọ, Tollgate ṣì ni wọ́n ń pe ibẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí. Mo fi fóònù tẹ /ohùn. Ètò ní òun kò mọ ọ̀nà náà.

Nínú Unicode, ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ù: àmì kan ṣoṣo, U+00F9, tàbí u tí U+0300 tẹ̀lé. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí. Èkejì ni mo fi kọ ètò náà, èkíní ni fóònù mi ń lò. (Ní ti ọ̀, kò tilẹ̀ sí àmì kan ṣoṣo fún un, bí ẹni pé a kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń pín in.)

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń ràn mí lọ́wọ́ ní kí n yọ gbogbo àmì kúrò. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó ń wo àdírẹ́ẹ̀sì?" Mo kọ̀. Ohun kì í ṣe ohùn. N kò lè máa yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àmì ohùn, kí n sì jù ú nù lójú ọ̀nà tèmi. Iṣẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀: browser ń fi ù pamọ́ bíi %C3%B9, nítorí náà a ó kọ́kọ́ fi decodeURIComponent tú u, lẹ́yìn náà a ó fi normalize('NFC'), tí ó wọ inú JavaScript ní 2015, mú ìhà méjèèjì dọ́gba kí a tó fi wọ́n wéra.

Mo tún líǹkì náà fi ránṣẹ́. Ó dákẹ́ títí di alẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ̀wé pé òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, kí òun tó wọlé sínú ariwo ẹ̀rọ. Pé òun tẹ ìpadàsẹ́yìn, òun tún padà síwájú, ìyá ṣì wà níbẹ̀. Ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò òun obìnrin ní Ìdìrókò.