Ta Ló Ni Ebè Yìí?

Pátákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n máa ń rì mọ́ orí ilẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní oko yunifásítì wa. Nọ́ńbà mátíríìkì ló wà lára rẹ̀, kò sí orúkọ. Olùkọ́ á kọjá, á wo ebè, á wo pátákó, á kọ máàkì sínú ìwé. Ohun tí ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni pé gbogbo ebè náà dọ́gba, bí ẹni pé ọwọ́ kan ló kọ wọ́n. Ọwọ́ kan náà ló sì kọ wọ́n lóòótọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ kékeré ni mo ti wá. OND ni mo gbà níbẹ̀ kí n tó gba fọ́ọ̀mù Direct Entry, tí wọ́n sì mú mi sí ọdún kejì nínú márùn-ún tí ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ń gbà. Níbi tí mo ti ń bọ̀, a ò pọ̀. Ọ̀gá tó ń kó wa lọ sóko mọ ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le, ó mọ ẹni tó ń fi ọkọ́ ṣeré. Ní yunifásítì, ta ni yóò mọ ẹnikẹ́ni nínú èrò yẹn? Kí ilẹ̀ ọjọ́ máàkì tó mọ́, bàbá kan láti abúlé tó wà lẹ́bàá ọgbà á ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ebè tán. Igba-igba ebè ló ń díye lé, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní oko ilẹ̀ wa.

Màgòmágó gbáà ni mo pè é. Àfi bí bàbá mi àgbà ṣe wá sí mi lọ́kàn. Oko tirẹ̀ náà kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣe é. Àáró ni wọ́n ń ṣe: lónìí oko rẹ̀, lọ́la oko ọ̀rẹ́ rẹ̀, títí tí yóò fi kárí. Bíṣẹ́ bá pọ̀ jù, á bẹ ọ̀wẹ̀, ìyá àgbà á gún iyán. Síbẹ̀, tí a bá tẹ̀ lé e lọ sóko lẹ́yìn náà, á máa na ìdí àdá sí ebè: “Ti alágbẹ̀dẹ nìyí, kì í bo koríko mọ́lẹ̀ tán. Ọwọ́ àna mi nìyí, wo bó ṣe tò ó dábùú ọ̀nà àgbàrá.”

Ṣíṣe àáró àti bíbẹ ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nígbà náà. Bàbá àgbà kàn wà láàárín wọn pẹ̀lú ọkọ́ tirẹ̀ ni, ó sì jẹ wọ́n ní gbèsè iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa sùn sí hósítẹ́ẹ̀lì.

Ni mo bá jí lọ bá bàbá abúlé yẹn lóko. Nínú kíláàsì, wọ́n ti kọ́ wa pé bí a bá gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan sí mítà kan, 10,000 igi ló máa wọ hẹ́kítà kan. Òótọ́ ni. Bàbá yìí ní tirẹ̀ fi èékánná ha èèpo igi ẹ̀gẹ́. Èyí tí oje rẹ̀ kò bá yára sun, ó ti gbẹ nìyẹn, ó jù ú nù. Òótọ́ nìyẹn náà, àmọ́ kò sí máàkì fún un.

Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti yí ojú padà. Ó ti pẹ́ tí Moor Plantation, oko ìwádìí àgbẹ̀, ti wà n’Íbàdàn. Ẹni tó mú ọkọ́ níbẹ̀ kì í bá ẹni tó kọ ìwé pín orúkọ. Nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ lórí ebè bàbá yìí, ìrẹ́jẹ yẹn kan náà ni. Àwọn ọmọ ń sanwó fún olùkọ́ wọn tó dára jù lọ pé kó fara pa mọ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ gba bàbá náà síṣẹ́ olùkọ́ oko, ẹ san owó rẹ̀ ní gbangba, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì dúró tì í pẹ̀lú ọkọ́ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè sọ ìdí tí ebè rẹ̀ fi dábùú ọ̀nà àgbàrá, ẹ má fún un ní máàkì.