Ìka Mẹ́rin Péré

Ẹni tó bá ti lọ TP rí á mọ̀ pé nǹkan méjì ló máa ń já àwa akẹ́kọ̀ọ́ láyà: ọ̀gá tó lè yọ sí èèyàn nígbàkigbà láti wá wo bó ṣe ń kọ́ni, àti ohun èlò ìkọ́ni. O lè kọ lesson note tó dùn bí oyin, bí o ò bá rí nǹkan gbé kọ́ ara ògiri, máàkì ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn ṣìnkìn nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín mi sí lẹ́yìn odi Ìbàdàn, tí mo bá máàpù àgbáyé lára ògiri kíláàsì JSS 2. Mo ní orí mi ti bá mi ṣe é.

Máàpù náà ti gbó o. Eku ti jẹ igun rẹ̀ kan, ìyẹn ò tiẹ̀ burú, apá ibi tí yìnyín bò nísàlẹ̀ ayé ló jẹ. Èyí tó burú ni pé Soviet Union ṣì wà níbẹ̀ gbàgede, èyí tó ti túká láti 1991. Congo ṣì ń jẹ́ Zaire, orúkọ tí wọ́n ti pa tì ní 1997. Eritrea tó gba òmìnira ní 1993 ṣì wà nínú Ethiopia, South Sudan ti 2011 ò tíì sí rárá. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá wa tó ń kọ́ Social Studies níbẹ̀ bóyá òmíràn wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ká máa dúpẹ́ pé èyí wà. Gílóòbù tí a ní tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ti fi gbá bọ́ọ̀lù." Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni wọ́n ń ṣe.

Iṣẹ́ tó kàn mí lọ́sẹ̀ kejì ni bí ayé ṣe ti di abúlé kan. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo wa la ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí. Mo ṣàlàyé dáadáa: fóònù tó wá láti Ṣáínà, okùnrin ilẹ̀ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba, gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ń wò mí, ẹnu mi ń dùn. Mo ní ta ló ní ìbéèrè.

Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó létí fèrèsé nawọ́. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mà, níbo ni Líbíyà wà?" Mo fi rúlà tọ́ka sí i. Ó tún ní, "Ṣé ó jìnnà sí Ìbàdàn?"

Èmi tí mo ti sọ pé ayé ti di abúlé, kí ni kí n wí? Mo fi ọwọ́ lé máàpù, mo ka ìka. "Kò jìnnà rárá. Wò ó, ìka mẹ́rin péré. Tí o bá fi ẹyọ kan kún un, o ti dé Ítálì." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tí agogo lù, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti gba ọ̀nà Agadez lọ sí Líbíyà. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn, màmá àwọn kì í sùn mọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ ti ní kò jìnnà, mà. Màá sọ fún wọn nílé." Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Ó yẹ kí n pè é padà. Mi ò pè é.

Lálẹ́ mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, Geography ló ń kà. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni wo ọ̀dẹ̀. Ó ní irú máàpù yẹn, ti Mercator ni, ọdún 1569 ló ti yà á fún àwọn atukọ̀ ojú òkun, kí wọ́n lè fa ìlà gbọọrọ kan, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé e lọ láìṣìnà. Ó wúlò fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí àárín ayé tó, bẹ́ẹ̀ ni máàpù náà ń wú u. Greenland á wá dà bíi pé ó tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rìnlá tóbi jù ú lọ. Yúróòpù á fẹ̀ jókòó lókè bí ìyàwó ọba, Sàhárà á wá dà bí àpò gàrí òfìfo tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Sàhárà yẹn nìkan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 kìlómítà níbùú lóròó. Gbogbo Yúróòpù pátá ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 lọ. Nàìjíríà wa yìí, 923,768 ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Mo fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru Mercator. Ọ̀rẹ́ mi ò gbà. Ó ní, "Ṣé wọn ò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sísàlẹ̀ ni?" Wọ́n kọ ọ́. Eku ò jẹ ẹ́. Èmi ni mi ò kà á.

Àwọn èèyàn ti ń bá máàpù yẹn jà tipẹ́. Arno Peters, ará Jámánì, gbé tirẹ̀ jáde ní 1973. Ní 2018, àwọn mẹ́ta kan ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Equal Earth, tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi tóbi bó ṣe yẹ kó tóbi. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2025, African Union náà fọwọ́ sí ìpolongo pé kí wọ́n pa ti Mercator tì. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ ta ló máa gbé e dé JSS 2? Èmi tẹ Equal Earth jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Dúdú àti funfun ni owó mi ká, ni òkun àti aṣálẹ̀ bá di àwọ̀ eérú kan náà, bí àwọn fọ́tò inú ìwé wa yìí. Mo gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀. Mo ní, "Ohun tí mo sọ fún ọ lọ́jọ́sí, àṣìṣe ni. Ó jìnnà. Má bínú sí mi."

Ó wolẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn nílé, mà. Ẹ̀gbọ́n mi kejì náà gbọ́. Ó ní ṣebí òun náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀."

Àyà mi já. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kejì wà.

Mo kó gbogbo wọn jáde. Ìyá wa ní àwọn ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ lé èmi nìkan lọ́wọ́ lójú títì, wọ́n gbé agbòjò, wọ́n tẹ̀ lé wa. Mo ní ìgbésẹ̀ kan, kìlómítà mẹ́wàá. A kọ́kọ́ rin Ìbàdàn sí Èkó, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ìyẹn: ìgbésẹ̀ 13, ó parí. Wọ́n ní, "Ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?" Mo ní ẹ padà sẹ́nu ilẹ̀kùn, ká wá kọjú sí Líbíyà. (Bí ẹyẹ ṣe ń fò ni mo fi ṣírò ìyẹn o, ọ̀nà mọ́tò gùn jù bẹ́ẹ̀.)

Ìgbésẹ̀ 115 gbé wa la pápá kọjá dé géètì. Agadez nìyẹn. Mo ní láti ibí lọ, omi tí o bá gbé dání ni omi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìgbésẹ̀ 185 ló tún kù, lójú ọ̀nà tí kò ní igi kankan, oòrùn ọ̀sán sì mú. Àwọn ọkùnrin tó ti ń ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń pariwo "Yúróòpù! Yúróòpù!", ẹnu wọn wọlẹ̀ kí a tó ka 200. Ọmọ náà ń kà sókè títí dé Agadez. Lẹ́yìn ìyẹn kò kà mọ́, ó kàn ń rìn.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan la ti dé Trípólì. Mo fi ọwọ́ na iwájú, mo ní ìgbésẹ̀ 30 mìíràn, omi ni gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó kan Lampedusa, erékùṣù Ítálì. Mo sọ fún wọn pé lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan rì nítòsí ibẹ̀, èèyàn tó lé ní 360 kú. Ọmọ Eritrea ló pọ̀ jù nínú wọn, orílẹ̀-èdè tí kò sí lórí máàpù ara ògiri wa. Fọkanáísà náà dá iṣẹ́ dúró, ó ń gbọ́.

Nígbà tí a padà, a mú okùn, a ta kókó sí i. Kókó kan, Ìbàdàn sí Èkó kan. Kókó 23 ló gbé wa dé Trípólì. Mo fẹ́ràn okùn yẹn gan-an, nítorí lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá ń bọ̀, ohun èlò ìkọ́ni mi nìyẹn, mi ò ní òmíràn.

Wọ́n ń lọ sílé ni ọmọ náà bá wá bá mi. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé mo lè mú un lọ fi han ẹ̀gbọ́n mi?" Mo kọ́kọ́ fẹ́ ní kó dúró dọ̀la. Mo gbé e fún un.

Ọ̀gá dé lóòótọ́. Wọ́n wo ògiri, wọ́n ní máàpù náà dára, wọ́n fún mi ní 7 nínú 10 lórí ohun èlò.

Ọmọ náà ò dá okùn padà títí TP fi parí. Lọ́jọ́ tí mo ń palẹ̀ mọ́, mo béèrè rẹ̀. Ó ní ó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn, ẹ̀gbọ́n òun kejì ló fi kọ́ ibẹ̀. Ó ṣì wà nílé. Ti àkọ́kọ́, wọn ò tíì gbọ́ nǹkan kan.